Kọ́ Orin Náà Sórí, Kí O Sì Ṣí Fèrèsé

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

Bàbá rẹ ti lọ sí ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé dákẹ́, mo sì jókòó sídìí tábìlì ìjẹun láti kọ lẹ́tà sí ọmọ tí mo lè pè lórí fóònù. Mo mọ̀ pé o ó rẹ́rìn-ín. O ó ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinyìí. Èmi ni mo ń kọ ọ́. Láti Ọjọ́rú tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ ní Ṣẹ́kọ́nà láìfọwọ́ kan oúnjẹ tí o sè, mo ti gbé fóònù sókè láìmọye ìgbà, mo sì ti gbé e sílẹ̀. Bí a bá tún sọ ọ́ lórí fóònù, ìjà náà la ó tún jà. Nínú ìwé, o kò lè já lù mí lẹ́nu, èmi náà kò sì ní gbọ́ bí o ṣe máa ń mí kanlẹ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń já mi láyà, kí n má baà fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀. Yàrá tí o ti ń ya àwòrán yẹn ń dẹ́rù bà mí. Fèrèsé méjèèjì wà ní títì. O ká aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Òórùn tọ́pẹ́ńtáìnì tí o fi ń po ọ̀dà kún inú rẹ̀ débi pé omi ti bọ́ lójú mi kí n tó rí ibi jókòó, ìwọ sì ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ìwọ kan náà tí o ní kí n gbé ẹja gbígbẹ tí mo mú wá síta, torí pé òórùn rẹ̀ fẹ́ mú ọ bì. Ìwọ kan náà tí ń mu ọsàn wẹ́wẹ́ bí ẹni ń jẹ àkàrà. Mo ti bímọ mẹ́ta, Àbẹ̀ní. Ojú mi kò tíì fọ́.

Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o. Mo mọ̀ pé a kì í pariwo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fi ara rẹ̀ hàn. Mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹnu mọ́ tó ìwọ, ì báà tiẹ̀ jẹ́ èmi lo pa á mọ́ fún. Nítorí náà, má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú ní ọsibítù nígbà tí oyún àkọ́kọ́ yẹn bàjẹ́. Dókítà sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, pé kò sí ohun tí o ṣe tó fà á, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní. Àmọ́ gbígbà gbọ́ yàtọ̀ sí kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Láti Ọjọ́rú ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ, fi mí sílẹ̀ kí n máa bẹ̀rù.

Kí o má sì rò pé mo kórìíra iṣẹ́ náà. Nígbà tí o sọ fún wa pé ilé ẹ̀kọ́ orin tuntun kan ní Òṣogbo gbé iṣẹ́ fún ọ, pé kí o sọ orin àwọn òyìnbó àtijọ́ kan di àwòrán sára ògiri gbọ̀ngàn wọn, bàbá rẹ yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Fúnmi, báwo lèèyàn ṣe ń ya ohun tí kò lójú tí kò nímú?" Mo ní kó lọ bi ọmọ rẹ̀. Kò bi ọ́, ojú ń tì í. Èmi ni mo wá wò ó fúnra mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wá, mo bá ọ lórí ẹní, o dùbúlẹ̀ gbalaja, o di ojú, orin náà ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí gègé lọ́wọ́ rẹ. Mo rò pé oorun ló gbé ọ lọ, mo sì ń sọ ọ́ nínú mi pé irú iṣẹ́ wo lèyí. Ìgbà tó yá, o dìde, o tẹ́ bébà inú àpò sìmẹ́ńtì tí o ti lẹ̀ pọ̀ sílẹ̀ láti ara ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, o mú èédú, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà bí orin ṣe ń lọ. Orin gòkè, ìlà gòkè. Orin wálẹ̀, ìlà wálẹ̀. O ń fi orúnkún rìn tẹ̀ lé e. Ibi tí orin náà bá ti mí lo ti gé bébà, ibẹ̀ sì ni ìwọ̀n pátákó márùn-ún tí o fẹ́ kùn ti jáde. Ọ̀kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, torí orin náà kò mí bákan náà. Káfíńtà tó bá ọ gé pátákó sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún àǹtí pé àwòrán kì í rí báyìí. Ìkẹta yìí gùn jù, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé láti gé e ni." Mo dá a lóhùn pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Orin kan náà ni, o ní, tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ fún. Ibi tí sẹ́lò, fayolíìnì ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún yẹn, bá ti ń kùn nísàlẹ̀, ọ̀dà tó pọ́n bí osùn lo fi sí i, o sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ kó nípọn. Ibi tí àwọn fayolíìnì kéékèèké bá ti ń sáré, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín lo fi ń tọ́ àwọ̀ òféèfé sí i. Ìlà èédú yẹn kò sì já. Ibi tó bá ti jáde lára pátákó kan ló ti wọ èkejì ní ọgbọọgba, tí ojú èèyàn á fi fo àlàfo àárín wọn láìmọ̀. Ní Ọjọ́rú, mo dúró níwájú méjì tí o ti parí, mo sì mọ ibi tí orin dé. Mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó dára, Fúnmi. Ó dára gan-an ni.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú fi ká mi lára. Mo ní kí o ṣí fèrèsé. O ní, "Màámi, tí mo bá ṣí i, wẹ́dà tó ń jó irin nísàlẹ̀ yìí á gba orin mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń fọn fèrè ní oríta ńkọ́? Mi ò lè kun ohun tí mi ò gbọ́." Mo ní kí o kúkú pa iṣẹ́ náà tì fún oṣù mélòó kan. O kò gbójú sókè. O ní, "Bí ẹ ṣe pa kọ́ọ̀yà ṣọ́ọ̀ṣì tì nítorí mi nìyẹn. Ṣé inú yín dùn sí i?"

Mo mú báàgì mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, mo sì mọ̀ pé tí mo bá la ẹnu ní wákàtí yẹn, tèmi ni yóò fọ́ jù. Mo kan jáde ni, mo wọ ọkọ̀ Ẹdẹ, mi ò sì rántí ẹni tí mo jókòó tì.

Wàyí o, ìmọ̀ràn mi. Bí o kò bá gba gbogbo rẹ̀, gba díẹ̀ níbẹ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀yà yẹn, torí pé kì í ṣe bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, nígbà tí mo lóyún rẹ, ẹsẹ̀ mi wú, nọ́ọ̀sì sì ní kí n má máa dúró pẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá kọ́ọ̀yà pé mo fẹ́ lọ sinmi, wọ́n ní kí n máa lọ ní àlàáfíà, kí n padà wá. Kò sẹ́ni tó lé mi. Nígbà tí o ti ń jókòó fúnra rẹ, mo pọ̀n ọ́ lọ sí ibi ìdánrawò. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ọmọbìnrin kan lórí àga mi, ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ ibi gbogbo. Mo yí padà kí wọ́n tó rí mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, mo ń sọ pé ọmọ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ìwọ náà gbọ́ ọ títí o fi dàgbà. Kì í ṣe ìwọ lo gba orin lọ́wọ́ mi, Àbẹ̀ní. Ìtìjú ni. Ká ní mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fún mi láyè lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, wọn ì bá fún mi.

Nítorí náà, mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi padà. Má pa iṣẹ́ náà tì. Mo mọ bí ìsinmi oṣù díẹ̀ ṣe ń di ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o yí ọ̀nà tí o ń gbà ṣe é padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Èkejì. O ní o kò lè kun ohun tí o kò gbọ́. Mo fẹ́ sọ ìtàn Kọ́mfọ́ọ̀tì fún ọ. Nígbà tí mo wọ kọ́ọ̀yà, mi ò tíì pé ogún ọdún, wọ́n sì fún wa ní orin gígùn kan fún ọjọ́ Àjíǹde, àwọn orin ńlá tí apá mẹ́rin ń lé ara wọn kiri yẹn. Àlítò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ni wọ́n fi mí sí. Bébà sóòfà, dò-rè-mì orin náà, wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Kọ́mfọ́ọ̀tì, ọmọbìnrin tí òun náà ń kọ àlítò, ni mo máa ń dúró sí, ohùn rẹ̀ sì le bí agogo. Ohun tó bá kọ ni mò ń kọ. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé mo tètè mọ orin. Nígbà tí Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀fìnkìn dá Kọ́mfọ́ọ̀tì sílé. Mo dìde ní ìdánrawò, mo la ẹnu, orin sopiránò, ti àwọn olóhùn òkè, ló jáde. Ọ̀gá kọ́ọ̀yà wò mí láti òkè awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ìwọ, ta ló ń bá ọ kọ ọ́ látẹ̀yìn wá?" Ilẹ̀ ni kò lanu gbé mi mì.

Oko àwọn òbí mi wà ní Alájué nígbà náà. Mo mú bébà sóòfà lọ síbẹ̀, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú mi, mo sì ń bó ẹ̀gẹ́ tí mo ń kọ ọ́: dò, mì, sò, sò, là. Màmá mi rò pé mo ń bá ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi gbé ẹ̀gẹ́ yẹn dé ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín, tí ẹ̀rọ ń bú ramúramù, tí èèyàn kò lè gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ, orin náà ń lọ geere lórí mi. Ẹ̀rọ kò rí i gbà. Títí di òní, bí o bá jí mi, màá kọ apá àlítò yẹn fún ọ.

Ìwọ náà, ẹ̀rọ orin yẹn lo fi ṣe Kọ́mfọ́ọ̀tì rẹ. O dúró tì í débi pé bí wẹ́dà bá jó irin lẹ́ẹ̀kan, o rò pé orin ti sá lọ. Ta ló fi èédú fa gbogbo rẹ̀ sórí bébà sìmẹ́ńtì? O ti gbọ́ ọ tó, ọmọ mi. Sóòfà ni mo kọ́ ọ kí o tó mọ ABD. Kọ́ orin náà sórí, pátákó kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti wọ inú rẹ, pa ẹ̀rọ, gbé pátákó náà jáde sí fàráńdà ẹ̀yìn tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí o máa kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí o ṣe ń kùn ún. Bí o bá ṣì í níbì kan, ṣé kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa sọ fún ọ pé ọ̀dà ṣeé kùn lé?

Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Orin tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo ti ń gbọ́ ọ láti àná, mo sì ti kọ apá sẹ́lò ti pátákó kẹta sí sóòfà. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òyìnbó yẹn kàn ń ṣí dò nípò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì pẹ́ kí n tó rí i níbi tó wọ̀. Bàbá rẹ ní kí n jẹun. Mo ní kó dúró kí orin mí. Kò tètè mí. Ṣé ìyẹn ni pátákó kẹta yẹn fi ń yọ ọ́ lẹ́nu? O ti tún un kùn títí, ojú rẹ sì ti jìn. Ẹni tó ń kọ orin tí kò mọ ibi tí òun ó ti mí yóò dákú lórí bẹ́ǹṣì, mo ti rí i rí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Má bínú sí Ṣẹ́gun tí mo bá jẹ́wọ́ pé ó pè mí. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tí mo bá dé láti Òṣogbo, orí fífọ́ ló fi ń kí mi. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, á ní mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ òun." Kò sọ ohun mìíràn, èmi náà kò sì bi í. Orí fífọ́ ọ̀hún ló mú kí n wọ ọkọ̀ wá lọ́jọ́rú. Kì í ṣe pé mo ń ṣọ́ ọ. Ọkùnrin náà ń bẹ̀rù, bí èmi náà ṣe ń bẹ̀rù, kò sì ní ibi tó máa gbé ẹ̀rù náà sí. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, mo máa ń fi ara ríro pa mọ́ fún bàbá rẹ kó má baà rò pé ọ̀lẹ ló fẹ́. Ohun tí mo jèrè níbẹ̀ ni pé kò mọ̀ pé ó yẹ kóun ràn mí lọ́wọ́, inú sì ń bí mi pé kò ràn mí lọ́wọ́. Sọ fún un. Jẹ́ kó máa bá ọ gbé pátákó jáde ní òwúrọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Má gun àpótí mọ́ láti kun òkè pátákó. Gbé pátákó wálẹ̀, kì í ṣe ògiri ló bí i. Jẹun kí o tó bẹ̀rẹ̀. Lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, sọ irú ọ̀dà tí o ń lò fún wọn, gbogbo rẹ̀ ni kí o sọ, kí o sì ṣe ohun tí wọ́n bá wí. Bí wọ́n bá ní kí o fi tọ́pẹ́ńtáìnì sílẹ̀, tí ọ̀dà tí a ń fi omi pò bá lè ṣe é, lò ó. Bí kò bá lè ṣe é, sọ fún àwọn ará Òṣogbo pé kí wọ́n fún ọ láyè sí i. Ìwọ rò pé wọn ó bínú. Wọ́n lè bínú. Ìbínú àwọn ará gbọ̀ngàn kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Mo bẹ̀rù láti kọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Bí ohun tí mo rò bá jẹ́ òótọ́, tó sì tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mi ò ní bá ọ wí. Mi ò ní sọ pé mo ti sọ fún ọ. Màá tún di ọwọ́ rẹ mú ni. Àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ náà, kò ní sí ibì kankan tí ìwọ fúnra rẹ yóò ti máa bi ara rẹ pé, ká ní mo ṣí fèrèsé ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ni mo ń bẹ̀rù fún ọ ju ohunkóhun lọ.

Ọjọ́ Ajé ni màá wá, láàárọ̀. Bàbá rẹ ti gbà, ó ní òun lè dá ẹ̀bà tẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a ó wò ó. Màá gbé àga sí fàráńdà ẹ̀yìn, bébà sóòfà yóò wà lórí itan mi, màá sì máa kọ apá sẹ́lò fún ọ bí o ṣe ń kùn ún, títí yóò fi wọ inú rẹ. Kí wẹ́dà máa jó irin rẹ̀. Ohùn mi ti há, mi ò sì kọrin níwájú ènìyàn láti ìgbà tí mo ti yí padà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó sì ń tì mí lójú, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Bí o bá sì wò mí tí o ní, "Màámi, ẹ máa lọ sílé," màá lọ. Mi ò ní jà. Kìkì pé èmi ni màá kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn, màá fi ọwọ́ ara mi ṣí fèrèsé méjèèjì, kí n tó wọ ọkọ̀.

Èmi ni,
Màámi rẹ.